Omi Oníyọ̀ àti Omi Dídùn: Ẹ̀kọ́ Físíìsì ní Etíkun Ìlàjẹ

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìgbókọ̀dá ní ìgbà òjò, tí ó sì gba ojú omi lọ títí tí ó fi dé etí òkun, yóò ti kúrò nínú omi dídùn bọ́ sínú omi oníyọ̀ kí ó tó gúnlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ri igi ààlà mọ́ àárín omi méjèèjì. Bí èrò ọkọ̀ kò bá fi ọwọ́ bu omi náà tọ́ wò, ó lè dé ibi tí ó ń lọ láìmọ̀ pé òun ti ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mọ̀. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú, tí ìhà rẹ̀ sì dúró ṣánṣán, tí ó wọ inú omi ní sẹ̀ǹtímítà 40 ní Ìgbókọ̀dá, kò ní wọ inú omi òkun ju sẹ̀ǹtímítà 39 lọ, bí ẹrù inú rẹ̀ kò bá lé tí kò sì dín.

Sẹ̀ǹtímítà kan kì í ṣe ohun tí à ń pariwo lé lórí. Atukọ̀ tí ìgbì ń bì síwá sẹ́yìn kò ní ráyè wò ó. Síbẹ̀, inú sẹ̀ǹtímítà kan yìí gan-an ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa, nítorí pé òun ni ó so ìtàn iyọ̀ tí àwọn ìyá wa ń sè mọ́ ìtàn ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa ń kàn, tí ó sì so méjèèjì mọ́ ìṣòro tí ó wà nílẹ̀ ní etíkun náà lónìí. Èrò mi ni pé orí àkọ́kọ́ ìwé físíìsì, èyíinì ni ìmọ̀ bí nǹkan ṣe ń wúwo, tí ó ṣe ń rìn, tí ó ṣe ń gbóná, tí ó sì ṣe ń tàn, ti wà ní ilẹ̀ Ìlàjẹ tipẹ́tipẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò kọ ọ́ sínú ìwé. Àti pé ilé-ẹ̀kọ́, tí ó yẹ kí ó gbà á lọ́wọ́ wọn, ti kọjá lára rẹ̀ láìkí i.

Ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ilẹ̀ àwọn ọba Ugbò, Màhìn, Ahẹ́rì àti Ẹtìkàn. Láti ọdún 1996 ni ó ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Òndó, Ìgbókọ̀dá sì ni olú-ìlú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ojú ilẹ̀ pín etíkun Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n sì fi orúkọ Màhìn pe ọ̀kan nínú wọn, nítorí pé ẹrẹ̀ ni etíkun ibẹ̀ jẹ́, kì í ṣe iyanrìn bí ti Èkó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ yìí sọ́kàn. A óò tún padà bá a.

Iyọ̀ ni kí a kọ́kọ́ mú. Kí iyọ̀ òkè-òkun tó gba ọjà wa, àwọn ará etíkun a máa se omi òkun títí yóò fi gbẹ di iyọ̀, wọ́n a sì máa gbé e lọ sí ìlú òkè, wọn a fi gba oúnjẹ oko bọ̀. Màhìn lókìkí nínú òwò yìí. Nínú ìwé ìtàn, gbólóhùn kan ṣoṣo ni a sábà máa ń fi parí rẹ̀: a ní iyọ̀ òyìnbó pọ́ọ́kú, ó sì pa iyọ̀ ìbílẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdí tí iyọ̀ òyìnbó fi pọ́ọ́kú kò sí nínú gbólóhùn náà. Físíìsì ni ó lè sọ ọ́ fún wa.

Nínú kilo 1 omi òkun, iyọ̀ tí ó wà níbẹ̀ tó bíi gíráàmù 35. Ní etíkun tiwa, níbi tí àwọn odò ti ń da omi dídùn sínú òkun, nígbà púpọ̀ kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí ó bá fẹ́ iyọ̀ kilo 1 ní láti gbé omi tí ó lé ní kilo 28 ka iná, kí ó sì sọ èyí tí ó ju kilo 27 lọ nínú rẹ̀ di oru. Sísọ omi di oru ni iṣẹ́ náà wà. Gbogbo ẹni tí ó bá ti dáná rí ni ó mọ̀ pé bí omi bá ti hó tán, bí a tilẹ̀ ki igi tó báwo bọ ìdí ìkòkò, omi náà kò ní gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíkì pé yóò máa yára gbẹ. Níbo wá ni ooru igi tí a ń kì bọ̀ ọ́ ń lọ? Inú oru ni. Ooru tí ó ń sọ kilo 1 omi híhó di oru ju ìlọ́po márùn-ún ooru tí ó ń gbé omi náà láti títutù bí yìnyín dé híhó. Bí gbogbo ooru igi gbígbẹ bá wọ inú ìkòkò láìsí èyí tí ó ṣòfò, igi tí ó lé ní kilo 4 ni yóò jó kí iyọ̀ kilo 1 tó jáde. Ṣùgbọ́n ta ni ó rí ààrò òkúta mẹ́ta tí kì í fi ooru ṣòfò? Ìdá kan nínú méje tàbí mẹ́jọ ni ìkòkò sábà máa ń rí gbà nínú ooru irú ààrò bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé ìyókù lọ. Nítorí náà, igi tí ó súnmọ́ kilo 30 ni ó ń bá iyọ̀ kilo 1 lọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí à ń pè ní igi ṣíṣẹ́ nínú irà yóò mọ bí ẹrù náà ti tó.

Ẹ wá wo apá kejì. Ní Cheshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iyọ̀ wà nínú ilẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, omi tí ó sì ń ti ibẹ̀ jáde ti gba iyọ̀ dé ibi tí kò lè gbà mọ́. Kilo 1 irú omi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀ bíi gíráàmù 260 nínú. Ẹni tí ń se iyọ̀ ní Cheshire kò ní ju kilo 3 omi lọ láti sọ di oru kí ó tó rí iyọ̀ kilo 1, èédú tí a ń wà nínú ilẹ̀ ni ó sì fi ń dáná, kì í ṣe igi tí a fi àdá ṣẹ́. Èbúté Liverpool wà nítòsí, àwọn ọkọ̀ tí ń wá ra epo pupa ní etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún sì ń wá ẹrù tí wọn yóò kó bọ̀. Kì í ṣe pé ọwọ́ àwọn obìnrin Màhìn kò yá, kì í sì ṣe pé ọgbọ́n wọn kò tó. Omi kilo 27 ni wọ́n ń bá jà, nígbà tí ẹni kejì ń bá omi tí kò pé kilo 3 jà.

Àwọn kan ti rí ọgbọ́n dá sí i. Ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah ní ilẹ̀ Benin, àwọn obìnrin kì í gbé omi ọ̀sà ka iná lójú ẹsẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oòrùn ti gbẹ omi kúrò lórí ilẹ̀ tí iyọ̀ sì ṣẹ́kù sára iyẹ̀pẹ̀, wọn a ha iyẹ̀pẹ̀ náà jọ sínú apẹ̀rẹ̀, wọn a da omi lé e lórí, èyí tí ó bá sì sẹ́ sísàlẹ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ gidigidi, ni wọn a wá gbé ka iná. Oòrùn ni ó bá wọn ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà láìgba owó igi. Olùkọ́ tí ó bá fi ìdí iṣẹ́ àwọn ìyá yìí ye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ́ ọ ní ohun tí ìwé ń fi odindi orí kan ṣàlàyé.

Iyọ̀ tí ó wà nínú omi yìí kan náà ni ó ń gbé ọkọ̀ sókè. Bí a bá kún àpótí kan tí ìbú rẹ̀, òró rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi dídùn, omi náà yóò wọn kilo 1000. Bí ó bá jẹ́ omi òkun, yóò wọn bíi kilo 1025. Ohun tí à ń fi wé ara wọn níhìn-ín ni ìwúwo ohun méjì tí wọ́n gba àyè kan náà. Mo ń pè é ní ìwúwo-ojú-ìwọ̀n. Bí ẹnì kan bá fẹ́ pè é ní ìkì, n óò takò ó: epo pupa tí ó ti dì ki ju omi lọ, síbẹ̀ orí omi ni ó ń léfòó sí. Ó yẹ kí a ṣọ́ra gidigidi lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣi ọmọ lọ́nà ní kíláàsì kìn-ín-ní yóò ṣòro láti gbà kúrò lọ́kàn rẹ̀ ní kíláàsì kẹfà.

Archimedes ará Syracuse, ẹni tí ó kú ní ọdún 212 kí a tó bí Jésù, ni ó fi ìdí òfin náà múlẹ̀ nínú ìwé: ohun tí ó bá wà nínú omi, omi yóò fi agbára tì í sókè, agbára náà yóò sì dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí ohun náà tì kúrò ní àyè rẹ̀. Gbogbo ìwé físíìsì ni ó ń sọ ìtàn bí ó ti wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀ tí omi sì ṣàn kọjá etí rẹ̀. Ìtàn dídùn ni, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ tí inú odò ni ó ti ń wẹ̀ láti kékeré kò rí ọpọ́n tí ènìyàn ń sùn gbalaja sí rí. Ọkọ̀ ni kí a fi hàn án. Kí a ní kí ọmọ márùn-ún wọ inú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi ẹfun sàmì sí ibi tí omi dé lára ọkọ̀ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń wọlé. Àmì márùn-ún yẹn ni òfin Archimedes.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé eré ọmọdé ni sẹ̀ǹtímítà kan tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1876, lẹ́yìn ìjà gbọọrọ tí Samuel Plimsoll jà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí àwọn atukọ̀ tí ń kú sínú ọkọ̀ tí a di ẹrù kọjá agbára, a fi òfin gbé e kalẹ̀ pé kí ọkọ̀ máa ní àmì lára tí omi kò gbọ́dọ̀ bò mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò lórí irú àmì yìí, ilà rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan mọ́: ti omi dídùn wà lọ́tọ̀, ti omi òkun wà lọ́tọ̀, ti ilẹ̀ olóoru sì tún yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ olótùútù. Ẹni tí ó bá dúró ní èbúté Èkó lè rí i lára àwọn ọkọ̀ ńlá. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀ Ìlàjẹ láàárín Ìgbókọ̀dá àti òkun náà ni a fi ọ̀dà kọ síbẹ̀.

Ìlú kan wà ní etíkun yìí tí ó gbìyànjú láti mú ọgbọ́n ọwọ́ àti ọgbọ́n ẹ̀rọ wá sábẹ́ òrùlé kan. Ayétòrò ni. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan, tí wọ́n ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, tẹ̀ ẹ́ dó sí etí òkun. Ethufowora Peter ni ọba wọn àkọ́kọ́, oyè rẹ̀ sì ni Ogeloyinbo. Ohun gbogbo jẹ́ ti gbogbo wọn: kò sí ẹni tí ó ní ọkọ̀ tirẹ̀ tàbí owó tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti kọ̀wé lórí ìgbàgbọ́ wọn àti lórí ọrọ̀ ajé wọn. Ìwé Stanley Barrett tí ó jáde ní ọdún 1977 ni a mọ̀ jù. Ohun tí ó fà mí mọ́ra ní tèmi ni pé ìlú tí ó wà lórí ẹrẹ̀, tí kò sí ọ̀nà ilẹ̀ tí ó dé ibẹ̀, ní iná mànàmáná ní ọdún 1953, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńláńlá ní ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan fìtílà.

Ẹ rò ó wò bí nǹkan yóò ti rí lójú ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tí ó wà ní Ayétòrò nígbà náà. Orí òpó ni ilé wọn wà, afárá pákó ni ó sì ń rìn láti ilé dé ilé. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rì dé orúnkún; bí ó bá tẹ́ pákó lé ẹrẹ̀ náà tí ó dúró lé e, kò ní rì, bẹ́ẹ̀ ni kò fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí ìwúwo rẹ̀ tẹ́ lé ni ó fẹ̀ sí i. Òpó tí a rì mọ́lẹ̀ kò kan àpáta kankan nísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ó dì mọ́ ọn lára yíká ni kò jẹ́ kí ó rì sí i. Bí ó bá dé ilé ìkànkọ̀, yóò rí àwọn ọkọ̀ ńlá tí a ń kàn, tí ẹ̀rọ yóò máa tì lójú omi. Bí ó bá sì kọjá lẹ́bàá ilé ẹ̀rọ iná, yóò gbọ́ bí epo tí ń jó ti ń yí irin, yóò sì rí i ní alẹ́ pé irin yíyí náà ni ó di ìmọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Michael Faraday ti fi hàn ní ọdún 1831 pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìlú gbẹ́ odò àtọwọ́dá tí ó so ìlú mọ́ ọ̀sà. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì rán àwọn kan lọ kọ́ iṣẹ́ ní òkè-òkun.

N kò fẹ́ kí a fi dídùn ìtàn bo ojú òtítọ́. A kò lè sọ pé Ayétòrò kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní físíìsì bí à ń ṣe kọ́ ọ ní yunifásítì. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe lè má mọ ìdí tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí àjọní náà tú ká ní òpin àwọn ọdún 1960, tí olúkúlùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà kò dúró mọ́. Ìmọ̀ ọwọ́ wà níbẹ̀. Ìwé tí ìbá gbé e lé ọwọ́ ìran tí ń bọ̀ ni kò sí.

Kí ni ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1952. Ohun ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọ fi ń kọ́ físíìsì nígbà tí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìwé tí a kọ fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣe olùkọ́ rí, tí ọmọ kíláàsì lè rí omi láti ojú fèrèsé, mo béèrè pé kí ni físíìsì. Ọmọ kan nàró, ó ní, "Ẹ̀kọ́ nípa rélùwéè ni, sà." Àwọn ìyókù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò ṣàwàdà. Nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ wọn, gbogbo ohun tí ń sáré, rélùwéè ni. Gbogbo ohun tí ń dúró, rélùwéè ni. Rélùwéè kò sì dé ilẹ̀ Ìlàjẹ rí. Èmi ni mo jẹ̀bi ju ìwé lọ, nítorí pé mo ní ojú, fèrèsé sì wà ní ṣíṣí.

Àwọn tí ó ni ìwé náà gan-an ti ń yí ọwọ́ padà nígbà náà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1956, àwọn onímọ̀ físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT kó ara wọn jọ láti tún ẹ̀kọ́ náà ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò Nuffield bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1962. Ohun tí àwọn méjèèjì ń wí ni pé kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan nǹkan kí ó tó kọ òfin rẹ̀ sórí. Láàárín àwọn ọdún 1960 kan náà ni ètò kan bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́nsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó ń wá ohun ìkọ́ni láàárín ohun tí ọmọ ń rí ní àyíká rẹ̀.

Èyí tí ó kàn wá jù ni ti Ilé-Ifẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti ọ̀dọ̀ àjọ Ford, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohun gbogbo fún odindi ọdún mẹ́fà, sáyẹ́nsì àti ìṣirò pẹ̀lú. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. A fi wọ́n wé àwọn tí a yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tí ó ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà yóò bàjẹ́ rí i pé kò bàjẹ́; nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, wọ́n ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ. Ní ọdún 1989 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn náà jáde ní ìwé.

Ètò yìí kò di ti gbogbo ilé-ìwé. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 sọ pé kí a fi èdè abínibí bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú ilé-ìwé kò sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa lo èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba fagi lé e. Ọdún mẹ́ta péré ni àárín méjèèjì, a kò sì rí i kí a lo ìlànà náà káàkiri kí a tó sọ pé kò dára. Èmi kò gbà pé èdè nìkan ni ìṣòro. A lè fi Yorùbá tí ó já gaara kọ́ ọmọ Ìlàjẹ ní ẹ̀kọ́ rélùwéè. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kọ́ ọ láti inú iyọ̀, láti inú ọkọ̀ àti àwọ̀n, ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ohun tí ó rí ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó wọ ilé-ìwé.

Ó tó àkókò wàyí láti padà sórí ẹrẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, a gbẹ́ odò àtọwọ́dá kan nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì nítòsí Awóyè, ní ìlà-oòrùn etíkun náà, ó sì so omi inú ilẹ̀ mọ́ òkun tààrà. Odò tí àwọn ará Ayétòrò fi ọwọ́ gbẹ́, ọ̀sà ni ó lọ bá. Èyí, òkun ni. Mo ti wí pé omi òkun fi kilo 25 wúwo ju omi dídùn lọ nínú àpótí mítà kan. Nígbà tí omi méjèèjì bá pàdé, èyí tí ó wúwo yóò gba abẹ́ wọlé, yóò máa fà lọ nísàlẹ̀ odò bí ejò, nígbà tí èyí tí ó fúyẹ́ ń ṣàn jáde lókè. Ẹni tí ó bu omi ojú odò mu lè sọ pé kò sí ewu. Gbòǹgbò igi mọ̀ pé ewu wà. Igbó irà omi dídùn kú ní ọ̀nà jíjìn, ẹja omi dídùn lọ, omi mímu sì di ohun tí à ń fi ọkọ̀ wá kiri. Olùkọ́ lè fi èyí han ọmọ nínú ìgò kan: kí ó bu omi lásán sí i dé ìdajì, kí ó wá fi kòòkò ewé ìbẹ́pẹ da omi iyọ̀ tí a ti fi aró díẹ̀ pa láró sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Yóò rí i bí aró náà ti tẹ́ rẹrẹ sí ìdí ìgò, tí omi mímọ́ sì dúró lókè rẹ̀.

Ayétòrò ní tirẹ̀ ń bọ́ sínú òkun. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni òkun ti gba ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ilé níbẹ̀, ó gba ilé-ìwé, ó gba ibi iṣẹ́, ó sì gba itẹ́ òkú. Iṣẹ́ ìdènà tí a ti gbé jáde láti ọdún 2004 kò gba ìlú náà sílẹ̀. Ohun tí ó fà á kò jẹ́ ẹyọ kan. Omi a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná, yìnyín ilẹ̀ òtútù náà sì ń yọ́. Nítorí méjèèjì ni òkun àgbáyé fi ti ga sí i ní bíi sẹ̀ǹtímítà 20 láti ọdún 1900. Ìgbì tí ó ga ní mítà 2 kò ní agbára ìlọ́po méjì ìgbì mítà 1. Ìlọ́po mẹ́rin ni. Bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ kì í padà jókòó sí etí òkun bí iyanrìn ti ń ṣe lẹ́yìn ìjì: omi a gbé e lọ, kò sì ní dá a padà. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ físíìsì ni, àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ń gba ilé mọ́ lọ́wọ́ sì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lè bá ìjọba àti agbaṣẹ́ṣe jiyàn lórí rẹ̀ pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́wọ́.

Òṣùwọ̀n náà kò wọ́n. Kí olùkọ́ wá ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60, tí ìtóbi rẹ̀ dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí ó fi àbẹ́là pa á lára kí omi má baà wọ̀ ọ́, kí ó sì so òjé àwọ̀n mọ́ ìdí rẹ̀ títí tí yóò fi dúró lóòró nínú omi, tí bíi sẹ̀ǹtímítà 40 rẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ omi. Kí àwọn ọmọ fi ọ̀bẹ fa ilà sí i ní Ìgbókọ̀dá, níbi tí omi dé. Kí wọ́n gbé e dé Ayétòrò, kí wọ́n bu omi òkun sínú korobá jíjìn kan kí ìgbì má baà dà wọ́n láàmú, kí wọ́n sì fa ilà kejì. Bí àárín ilà méjèèjì bá súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 1, omi òkun gidi ni wọ́n bù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, odò àti òjò ti dà sí i. Kí wọ́n kọ iye tí ó jẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n sílẹ̀, kí wọ́n sì padà lọ ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú.